Títún Ojú Ṣe Nínú Àwòrán

Ojú ni a fi ń mọ ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ya àwòrán a kọ́kọ́ wẹ ojú rẹ̀ mọ́, a ya irun rẹ̀, a sì wọ aṣọ tí ó dára jù lọ nínú àpótí rẹ̀. Ṣùgbọ́n irorẹ́ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó lè yọ sí ṣóńṣó imú ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an. Ọjọ́ díẹ̀ ni irorẹ́ ń lò lójú, àwòrán a sì wà lára ògiri fún ogójì ọdún. Èyí ni ó mú kí àwọn ayàwòrán kọ́ iṣẹ́ títún ojú ṣe.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́. Ní ọdún 1855, níbi ìpàtẹ ńlá tí a ṣe ní ìlú Paris, Franz Hanfstaengl, ayàwòrán ará Munich ní ilẹ̀ Jámánì, fi àwòrán méjì ti ẹnì kan náà han àwọn ènìyàn: ọ̀kan wà bí ẹ̀rọ ti yà á, èkejì sì ti gba àtúnṣe. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wúlò púpọ̀ nígbà náà, nítorí pé awo dígí tí wọ́n fi ń ya àwòrán kò lè mú àwọ̀ pupa. Bí ibi kan bá pọ́n díẹ̀ lójú ènìyàn, dúdú ni yóò jáde nínú àwòrán.

Orí awo dígí tàbí orí fíìmù ni wọ́n ti ń ṣe àtúnṣe náà, kí wọ́n tó tẹ àwòrán sórí bébà. Lórí fíìmù, ohun tí ó funfun a dúdú, ohun tí ó dúdú a sì mọ́ kedere. Irorẹ́ tí yóò dúdú lórí bébà dà bí ojú ihò kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá lórí fíìmù. Oníṣẹ́ a fi jígí ta ìmọ́lẹ̀ sí fíìmù láti ẹ̀yìn, a sì fi oje fẹ́ẹ́rẹ́ kan pa á kí pẹ́ńsùlù lè mú un. Lẹ́yìn náà, a gbẹ́ pẹ́ńsùlù títí ẹnu rẹ̀ yóò fi rí bí ẹnu abẹ́rẹ́, a sì máa fi tọ́ ojú ihò náà díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi bá ara yòókù dọ́gba.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ pẹ́ńsùlù. Awọ ara tí ó dán nítòsí ni ó ń wò, tí ó sì fi ń bo ibi tí ó ní àbàwọ́n. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti rọrùn jù, àṣejù kì í jìnnà. Ní orílẹ̀-èdè Norway, láti oṣù Keje ọdún 2022, òfin ni pé bí a bá yí ara tàbí awọ ènìyàn padà nínú àwòrán ìpolówó ọjà, a gbọ́dọ̀ fi àmì hàn pé a tún un ṣe, kí àwọn ọ̀dọ́ má baà máa fi ara wọn wé ohun tí kò sí.

Kí ni ó yẹ kí a pa rẹ́, kí sì ni ó yẹ kí a fi sílẹ̀? Àlejò ni irorẹ́ àti ojú ibi tí ẹ̀fọn jẹ. Bí a bá mú wọn kúrò, a kò ṣẹ onílé. Ṣùgbọ́n onílé ni ilà, àmì abínibí, àpá àtijọ́, àti ojú tí ó hun jọ nítorí ọjọ́ orí. Bí a bá sọ ojú ìyá arúgbó di ti ọmọge, lẹ́yìn tí ó bá ti papò dà, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò wo ògiri, wọn kò sì ní rí ìyá wọn níbẹ̀.

Àwọn agbẹ́gilére Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́. Bí ìbejì bá kú ní ọmọ-ọwọ́, wọn a gbẹ́ ère rẹ̀ bí ẹni tí ó ti dàgbà tán. Síbẹ̀, bí ìdílé rẹ̀ bá ń kọ ilà, wọn a fín in sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère náà. Bí agbẹ́gilére tí ó lè yí ọjọ́ orí padà kò bá pa ilà rẹ́, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ayàwòrán, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fi ènìyàn hàn bí ó ti rí.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ayàwòrán tí ó mọṣẹ́ ni ẹni tí ó tún ojú ṣe tán, tí ẹni tí ó ni ojú sì wò ó, tí ó wí pé, “Èmi náà nìyí.”