Àgbájọ Ántẹ́nà àti Ilẹ̀ Ọ̀dàn Òkè-Ògùn

Àwọn baba wa ni wọ́n wí pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Òwe yìí ti di iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe ìwádìí lórí ìbánisọ̀rọ̀ aláìlówàyà. Ní àtijọ́, ántẹ́nà kan, èyí tí í ṣe irin tí ń rán ohùn jáde tí ó sì ń gbà á wọlé, ni a ń lò níhìn-ín, òmíràn kan lọ́hùn-ún. Lónìí, òpó tẹlifóònù lè ní ántẹ́nà 64, tẹlifóònù inú àpò yín pàápàá sì lè ní 2 tàbí 4. Kí ni èrè ọ̀pọ̀ yìí fún ará Àgọ́-Àmódù àti àwọn abúlé oko tí ó yí i ká?

Ní ọdún 1992, Arogyaswami Paulraj, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, àti Thomas Kailath, ní Yunifásítì Stanford, bèèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọgbọ́n yìí. A sì fún wọn ní 1994. Ní 1996, Gerard Foschini ti Bell Labs fi ìṣirò hàn pé bí ántẹ́nà ti ń pọ̀ sí i ní apá méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó lè kọjá ń pọ̀ sí i, láì fi kún agbára iná tàbí àyè ojú òfurufú. MIMO ni wọ́n ń pè é.

Báwo ni ohùn 2 ṣe lè gba ọ̀nà kan láì dàrú? Ẹ wo ọjà. Bí ìyá kan bá ra iṣu 1 àti kóńgò gàrí 1 ní ₦3,000, a kò lè mọ iye ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò rẹ̀ bá ra iṣu 2 àti kóńgò 1 ní ₦5,000 lọ́wọ́ ọlọ́jà kan náà, ọmọ ilé-ìwé yóò sọ pé ₦2,000 ni iṣu, ₦1,000 ni gàrí. Irú ìṣirò yìí ni ántẹ́nà 2 tí ń gbọ́ àdàlù ohùn 2 ń ṣe. Ṣùgbọ́n àdàlù méjèèjì gbọ́dọ̀ yàtọ̀: bí aládùúgbò bá ra iṣu 2 àti kóńgò 2 ní ₦6,000, kò fi nǹkan kan kún ìmọ̀ wa. Ilé, ògiri àti àpáta, tí ń dá ìgbì padà láti ọ̀nà púpọ̀, ni wọ́n ń mú ìyàtọ̀ náà wá. Ohun tí a kà sí ọ̀tá rédíò tẹ́lẹ̀ ti di ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú bí ọ̀dàn, tí òpó àti tẹlifóònù ń wo ara wọn láìsí ìdíwọ́, ìyàtọ̀ yẹn kéré. Síbẹ̀ ántẹ́nà púpọ̀ kò di asán. Bí àwọn ọkùnrin ti ń pohùn pọ̀ kí wọ́n lè gbé ìtì igi lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ántẹ́nà orí òpó lè rán ìgbì wọn kí gbogbo rẹ̀ bá ara dọ́gba lọ́dọ̀ ẹnì kan, ohùn a sì dé ọ̀nà jíjìn. Ní 2010, Thomas Marzetta ti Bell Labs fi hàn pé bí ántẹ́nà bá pọ̀ gidigidi, òpó kan lè bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí olúkúlùkù gbọ́ tirẹ̀. Ìmọ̀ yìí wà lára ohun tí 5G dúró lé, èyí tí MTN bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Nàìjíríà ní 2022.

Ṣùgbọ́n ántẹ́nà púpọ̀ ń jẹ iná púpọ̀. Òpó tí kò ní iná, tàbí tí ọ̀nà tí ó so ó mọ́ ìlú ńlá há, adití ni, bí ó tilẹ̀ ní etí 64. Ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ gbóná lóru ní oko, tí ó ń wá nọ́ọ̀sì, ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá ṣèlérí òpó fún yín, ẹ má ṣe dúró lórí pé, “Nígbà wo ni yóò dé?” Ẹ tún bèèrè pé, “Ántẹ́nà mélòó ni yóò ní? Iná wo ni yóò máa lò? Kí ni yóò so ó mọ́ ìlú?” Ìdáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni yóò fi hàn bóyá ìwádìí àwọn ọlọ́gbọ́n yóò dé oko.