Irin Sàngó-Ọ̀tà tó fún orin Xenakis

Ẹni tó bá ń gba Sàngó-Ọ̀tà kọjá kò ní ṣàì pàdé àwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Páìpù tó ti dípẹtà, rìmù ọkọ̀, páànù tó ti ká, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ fún àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ irin àlòkù. Bí onílù kan bá fẹ́ lu orin kan tí wọ́n ń pè ní Psappha ní Ọ̀tà, ọ̀dọ̀ wọn ni kó ti lọ wá irin tí yóò lù.

Iannis Xenakis, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì tó fi Faransé ṣe ilé, ló kọ Psappha lọ́dún 1975 fún Sylvio Gualda, onílù ará Faransé. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń lù ú, fún bí ìṣẹ́jú 13. Ẹnjiníà ni Xenakis, ó ti bá Le Corbusier tó ń yàwòrán ilé ṣiṣẹ́ rí, ìṣirò ló sì fi pín àkókò ìlù náà. Ìwé orin rẹ̀ kò jọ èyí tí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ń dì mú. Bíi gíráàfù ló rí: ìlà ló kún un, àmì tótòtó sì wà lórí ìlà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìgbà tirẹ̀. Ohun tí a ó lù gan-an ni Xenakis kò dárúkọ. Ó kàn ní kí apá kan jẹ́ igi tàbí awọ, kí apá kejì jẹ́ irin. Irú igi wo, irin wo? Onílù ni yóò ṣà á.

Ibí yìí ni Psappha ti kẹ̀yìn sí ìlù tiwa. Fún ọmọ Àyàn tó ń lu dùndún, ohùn ni kò ṣeé yí. Ó gbọ́dọ̀ bá ìró ọ̀rọ̀ mu lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ oríkì di ariwo. Ṣùgbọ́n ìgbà tí yóò dákẹ́, ẹni tí yóò yà kí lóde, oríkì tí yóò kọ́kọ́ fà yọ, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Xenakis de ìgbà pinpin, ó tú ohùn sílẹ̀.

Ní ti irin, David Lang tó ń kọ orin ní Amẹ́ríkà tún sún mọ́ àgbẹ̀dẹ ju Xenakis lọ. Lọ́dún 1991 ló kọ The Anvil Chorus fún onílù Steven Schick, lẹ́yìn tó kà nípa àwọn alágbẹ̀dẹ Yúróòpù àtijọ́ tí wọ́n ń fi orin mọ ìgbà tí kálukú yóò sọ òòlù kalẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ lórí irin gbígbóná kan náà mọ ìdí rẹ̀: òòlù wọn kò gbọdọ̀ kọlu ara wọn.

Akin Euba tiwa (1935–2020) gba ọ̀nà mìíràn. Ó kọ ìwé ńlá lórí dùndún, èyí tó jáde lọ́dún 1990, ó sì mú dùùrù ṣe bí ìlù nínú orin tó kọ. Lójú tèmi, tirẹ̀ ló le jù, torí dùùrù kò ní awọ tí a lè fún kí ohùn rẹ̀ yí.

Psappha wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbọ́ ọ lọ́wọ́ onílù méjì kí ẹ tó pè é ní ariwo: ohùn wọn lè má jọra rárá, bẹ́ẹ̀ ìwé orin kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé.