Bí Lọ́rì Bá Ń Gbọ̀n Lẹ́yìn Tí A Ti Pààrọ̀ Kúrọ́ọ̀sì

Gbogbo wa mọ̀ pé iṣẹ́ àgbẹ̀ kì í parí sí ibi tí a ti ń sá kòkó. Àpò tí a kò bá rí gbé dé ibi ìwọ̀n kò tíì di owó. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àrùn lọ́rì kan tí ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn olùra láìnídìí.

Olùra kan wà tí lọ́rì rẹ̀ ń gbé kòkó láti agbègbè Ikom lọ sí Kàlàbá. Lọ́rì náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún kó-kó-kó nígbàkúùgbà tí awakọ̀ bá yí jíà. Mẹkáníìkì ní kúrọ́ọ̀sì ti jẹ, òótọ́ ni ó sì sọ. Wọ́n ra méjì tuntun, wọ́n fi wọ́n sí i, ariwo sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí lọ́rì náà ti sáré dé 60 kìlómítà ní wákàtí kan, ilẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀. Olùra náà bínú pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, ó sì ra méjì mìíràn, síbẹ̀ gbígbọ̀n náà kò dáwọ́ dúró. Owó kúrọ́ọ̀sì mẹ́rin ti lọ, ẹrù wà nílẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì ń retí owó wọn. Níkẹyìn, àgbà mẹkáníìkì kan wọ abẹ́ ọkọ̀, ó wo ọ̀pá náà, ó tú u, ó yí apá kan rẹ̀, ó sì dì í padà. Kò ra ohunkóhun, lọ́rì náà sì fara balẹ̀.

Kí ni àgbà náà rí? Ọ̀pá gígùn tí ó ti ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì lọ sí ìdí ọkọ̀ láàrin àwọn táyà ẹ̀yìn ni à ń pè ní pùròpẹ́là. Kúrọ́ọ̀sì ni oríkèé rẹ̀; òun ni ó ń jẹ́ kí ọ̀pá lè tẹ̀ bí ó ti ń yí, nígbà tí sípíríǹgì bá ń gbé ìdí ọkọ̀ sókè sódò. Oríkèé yìí kì í ṣe ohun àná: Robert Hooke, ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1676. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan. Bí ó bá ń yí ní títẹ̀, a máa yára lẹ́ẹ̀mejì, a sì máa falẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nínú ìyípo kan ṣoṣo. Kúrọ́ọ̀sì kejì ni ó ń pa àṣìṣe ti èkíní rẹ́, bí àwọn irin olórí méjì bí àmúga tí ó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀pá méjèèjì bá kọjú sí ọ̀nà kan náà. Bí a bá ti ki apá tí ń yọ́ wọlé bọ̀ ọ́ ní eyín kan tàbí méjì sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, àṣìṣe méjèèjì á para pọ̀, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n.

Nítorí náà, kí a tó ra kúrọ́ọ̀sì mìíràn, ẹ jẹ́ kí a tọ ọ̀nà yìí ní ṣísẹ̀ntẹ̀lé.

Èkíní, kí a mọ ibi tí gbígbọ̀n ti wá. Ní ojú ọ̀nà títẹ́ tí ó ṣófo, kí awakọ̀ sáré dé ibi tí ó ti ń gbọ̀n, kí ó sì yọ jíà fún ìgbà díẹ̀. Bí gbígbọ̀n náà kò bá dáwọ́ dúró, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Ti táyà a máa lọ́ra. Ti pùròpẹ́là a máa yára bí ìkùn oyin, nítorí ọ̀pá náà ń yí ní ọ̀pọ̀ ìgbà kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan.

Èkejì, kí a wo àwọn àmúga bóyá wọ́n bára mu, kí a sì wá àmì tí ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ fi sí i. Bí àmì bá wà, òun ni kí a tẹ̀ lé.

Ẹ̀kẹta, kí a fi ọwọ́ yí kúrọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò gbọdọ̀ le, kò sì gbọdọ̀ mì. Bí ó bá le, ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn irin wẹ́wẹ́ bí abẹ́rẹ́ ti ṣubú sí ìdí fìlà rẹ̀, tàbí pé òrùka tí ó dá fìlà dúró kò wọ ojú ihò rẹ̀. Kí a tú u, kí a tún un ṣe. Kí a má fi òòlù fi ipá mú un.

Ẹ̀kẹrin, kí a wo ara ọ̀pá. Ẹrẹ̀ tí ó gbẹ mọ́ ọn, ibi tí ó tẹ̀ wọnú, tàbí pẹlẹbẹ irin kékeré tí wọ́n jó mọ́ ọn fún ìdọ́gba tí ó ti já, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó láti mú ọkọ̀ gbọ̀n. Ọ̀pá tí ó ti wọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà. Ilé iṣẹ́ tí ó ní ẹ̀rọ ìdọ́gba ni kí a gbé e lọ.

Ẹ̀karùn-ún, kí a wo rọ́bà tí gíábọ́ọ̀sì jókòó lé, àti bẹ́rìn àárín bí ọ̀pá bá jẹ́ méjì. Bí wọ́n bá ti jẹ, ìtẹ̀ ọ̀pá kò ní dọ́gba mọ́.

Gbogbo ìyọnu yìí ni ṣọ́ọ̀kì tàbí ọ̀dà díẹ̀ ìbá ti gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Kí mẹkáníìkì tó tú bóòtù kan, kí ó fa ìlà kan kọjá ojú ibi tí irin méjì ti pàdé, kí ohun gbogbo lè padà sí ibi tí ó ti wà. Kí ó sì fi igi há àwọn táyà kí ó tó wọ abẹ́ ọkọ̀, kí ó má sì gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan.

Ẹ̀yin olùra, ẹ má di ẹrù lé lọ́rì tí ń gbọ̀n. Gbígbọ̀n a máa ba bẹ́rìn gíábọ́ọ̀sì jẹ́, a máa tú bóòtù, ọ̀pá sì lè já bọ́ lórí eré, kí ó gba ẹ̀mí èrò. Ẹ̀yin àgbẹ̀, bí olùra bá ní kí ẹ dúró di ọ̀la nítorí ọkọ̀, ẹ fara dà á. Ọjọ́ kan sàn ju kí irè ọdún kan dànù sínú kòtò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.