Ìṣirò Tó Kan Gbogbo Ìdílé

Ìṣirò físíìsì yìí máa ń tojú sú ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé. Lọ́rì kan tó wúwo tó 9,000 kílò ń sá mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó kọlu ọkọ̀ oníkílò 1,000 tó dúró sójú kan, àwọn méjèèjì sì há mọ́ra. Báwo ni eré wọn ṣe máa tó?

9,000 lọ́nà 20 jẹ́ 180,000. Ohun tí wọ́n ń pè ní momentum nìyẹn. Ìkọlù kì í dín àpapọ̀ rẹ̀ kù. Ẹ wá fi 10,000, ìwọ̀n ọkọ̀ méjèèjì, pín in: 18 ló jẹ́.

Eré lọ́rì fi 2 péré dín kù, àmọ́ ti ọkọ̀ kékeré bọ́ látorí òfo sórí 18 lójijì! Abájọ táwọn tó wà nínú rẹ̀ fi sábà máa ń fara pa jù. Tọmọdé tàgbà, ẹ de bẹ́líìtì yín.