Ọmọ Tí Kì í Làágùn

Bí a bá bi ọ́ léèrè pé àrùn wo ni ọmọ máa ń jogún lọ́dọ̀ òbí, kò sí iyè méjì pé fòníkú-fọ̀ladìde ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí kò wọ́pọ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, tí ó sì ń kan awọ ara, irun, eyín àti orísun òógùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ectodermal dysplasia ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Oríṣiríṣi rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú wọn, tí kì í jẹ́ kí ọmọ làágùn, ni a ó ṣàlàyé níhìn-ín.

O lè rò pé kí ni ó burú nínú kí ènìyàn má làágùn. Fi ojú inú wo Abúlé Òkúta, níhà Bárígà àti Ṣómólú ní ìlú Èkó, ní ọ̀sán gangan nínú oṣù kẹta. Ilé fara ti ilé, oòrùn ń mú ganrín-ganrín lórí páànù, atẹ́gùn kò rí àyè kọjá, iná mànàmáná sì lè má sí tí fáànù yóò fi yí. Síbẹ̀ àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù ní àdúgbò. Òógùn ni ó ń gbà wọ́n. Bí ó ti ń gbẹ lára wọn ni ooru ara ń bá a lọ. Ọmọ tí kò ní orísun òógùn, tàbí tí tirẹ̀ kò tó nǹkan, dà bí ìkòkò tí a dé lórí iná. Ara rẹ̀ yóò gbóná janjan láìjẹ́ pé kòkòrò àrùn kankan wọ inú rẹ̀.

Níbẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ìyá yóò ní ibà ni, yóò sì ra oògùn ibà. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí afẹ́fẹ́ tutù, ara ọmọ yóò rọlẹ̀, wọn yóò sì rò pé oògùn ni ó ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó tún di ọ̀tun. A fi ètè sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. (Èyí kò ní kí a má yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò fún ibà o, bí àyẹ̀wò bá ń sọ léraléra pé kò sí ibà ni kí a ronú síwájú.) Bí ooru náà bá pọ̀ jù, gìrì lè mú ọmọ, ọpọlọ rẹ̀ lè bàjẹ́, ó sì lè kú, pàápàá nígbà tí ó wà ní ọmọ ọwọ́. Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá wá sin ọmọkùnrin méjì, kí ni o rò pé aráyé yóò wí? Wọn yóò ní àbíkú ni, tàbí kí wọ́n ní ìyá fúnra rẹ̀ ni kò mọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ àmì rẹ̀ hàn fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n. Irun orí ọmọ náà yóò fẹ́lẹ́, kò sì ní pọ̀. Irun ìpéǹpéjú lè má fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Awọ ara rẹ̀ gbẹ, ó sì dúdú, ó hunjọ yí ojú ká. Eyín rẹ̀ kì í tètè hù; nígbà tí ó bá hù, ìwọ̀nba ni, orí rẹ̀ yóò sì rí ṣóńṣó bí ìṣó. Làákàyè rẹ̀ pé bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀.

Láti inú oyún ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ara ìpele òde ọlẹ̀ ni awọ, irun, eyín, èékánná àti orísun òógùn ti ń jáde, ìdí nìyí tí àbùkù kan ṣoṣo fi ń kan gbogbo wọn. Jíìnì kan tí a ń pè ní EDA, tí àwọn onímọ̀ ṣàwárí ní 1996, ni ó sábà máa ń fa àbùkù yìí. Orí kírómósóòmù X ni ó wà. Obìnrin ní X méjì. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì yóò ràn án lọ́wọ́, ó sì lè jẹ́ pé eyín díẹ̀ péré ni kò ní pé lẹ́nu rẹ̀. Ẹyọ kan ni ọkùnrin ní, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó sì ti gbà á. Nítorí náà, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá bí lè ní àrùn yìí, ó sì lè má ní in, ìdajì-ìdajì ni. Bàbá tí ó ní in kò lè fi lé ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀ ni yóò gbé e. Ní 1875, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ohun tí ń jẹ́ jíìnì, Charles Darwin kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ní Sindh, tí ó wà ní Pakistan lónìí, ọkùnrin mẹ́wàá nínú ìdílé kan ní i láàárín ìran mẹ́rin. Àwọn ọmọbìnrin ìdílé náà kò ní i, ṣùgbọ́n wọ́n ń bí ọmọkùnrin tí ó ní i. Wò ó, èwo ni ti ọwọ́ ìyá nínú èyí? Kò sí obìnrin tí ó yan X tí yóò fún ọmọ rẹ̀.

Kò tíì sí oògùn tí ó lè wò ó sàn lára ọmọ tí a ti bí. Ní 2018, àwọn dókítà ní Erlangen, ní ilẹ̀ Jámánì, ròyìn pé àwọn fi èròjà tí jíìnì náà ìbá pèsè sínú omi tí ó yí ọmọkùnrin mẹ́ta ká nínú oyún. Nígbà tí a bí àwọn ọmọ náà, wọ́n làágùn. Ìtọ́jú yìí kò tíì di ti gbogbo ayé.

Omi ni ó wà nítòsí. Kí a rẹ ẹ̀wù ọmọ sínú omi kí ó tó jáde ní ọ̀sán, kí a máa fún un ní omi mu lóòrèkóòrè, kí a sì jẹ́ kí ó jókòó síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ní kíláàsì. Ó yẹ kí olùkọ́ eré ìdárayá gbọ́ sí i, kí ó má baà pè é ní ọ̀lẹ nígbà tí ó bá sá sábẹ́ igi. Ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Gbàgádà kò jìnnà sí Abúlé Òkúta. Ní ti eyín, oníṣègùn eyín, irú àwọn tí ó wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, lè ṣe eyín àtọwọ́dá fún ọmọ kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́, kí ó lè jẹ ẹran, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì já gaara. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ti ń dàgbà, wọn yóò máa pààrọ̀ rẹ̀.