Ẹ Má Tíì Lu Láptọ́ọ̀pù Yín Ní Gbàǹjo: Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀ Nípa Linux

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tó wà lẹ́yìn odi ń lò. Òun la fi ń ṣe ìṣirò ọjà, òun làwọn ọmọ fi ń kàwé, òun náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ fi ń tọ́jú orúkọ àti owó oṣù tí kálukú san. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gbé ìkìlọ̀ jáde pé ìgbà Windows 10 ti parí. Àwọn kan ti ń wá ẹni tó máa rà á lọ́pọ̀. Ẹ dúró ná.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ọdún 2015 ni Microsoft gbé Windows 10 jáde. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, wọ́n dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró. Kọ̀ǹpútà yín ò ní tìtorí ẹ̀ kú o. Á ṣì máa tàn, á ṣì máa ṣiṣẹ́. Àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń dí ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé ló dáwọ́ dúró. Ó dà bí ilé tí ọdẹ rẹ̀ ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Microsoft lè rí àtúnṣe gbà títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026.

Ẹ lè ní ká kúkú bọ́ sórí Windows 11. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ó fẹ́ RAM 4GB ó kéré tán, ó fẹ́ àyè 64GB, ó sì ń béèrè ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Tó bá jẹ́ Intel ló wà nínú ẹ̀rọ yín, ìran kẹjọ sókè ni wọ́n ń gbà. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó ṣì le koko ni kò yege.

Kí wá ni Linux?

Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ní ètò kan tó ń darí ẹ̀, bíi baálé nínú ilé. Windows jẹ́ ọ̀kan, Linux jẹ́ òmíràn. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1991 nígbà tó wà ní yunifásítì. Ọ̀fẹ́ ni. Kì í sì í ṣe àjèjì sí wa, torí òun ló wà nínú ikùn gbogbo fóònù Android.

Oríṣi rẹ̀ pọ̀. Èyí tó máa rọrùn fún ẹni tó ń ti Windows bọ̀ ni Linux Mint, torí ojú wọn jọra. RAM 2GB lè gbé e, àmọ́ 4GB ló máa tù yín lára. Àǹfààní tiwa ni pé ètò ìtẹ̀wé Yorùbá ti wà nínú rẹ̀, tòun ti àmì ohùn. Ẹ kàn lọ yàn án níbi Keyboard.

Ta ni kó má tíì sáré?

LibreOffice tó bá a wá máa ń ṣí ìwé Word àti Excel, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtò ìwé lè yí díẹ̀. Firefox wà níbẹ̀, ẹ sì lè ti ibẹ̀ lo WhatsApp. Ṣùgbọ́n wọn ò ṣe CorelDRAW àti Photoshop fún Linux. Ẹni tó bá ń fi wọ́n jẹun, kó rò ó dáadáa.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é

Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo fáìlì yín síta. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo gbé láptọ́ọ̀pù mi fún ẹnì kan kó bá mi tún un ṣe. Kò béèrè, èmi náà ò sọ. Àkọsílẹ̀ gbèsè oníbàárà ọdún méjì ló pa rẹ́. Àwọn kan rántí san, àwọn kan ò rántí títí di òní.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ wa Linux Mint lórí ìkànnì wọn. Ó tó bíi 3GB, nítorí náà ẹ lo dátà òru. Ẹ wá fláàṣì 8GB tí kò sí nǹkan pàtàkì lórí ẹ̀, torí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló máa lọ. Rufus tàbí balenaEtcher lẹ máa fi kọ ọ́ sórí fláàṣì náà.

Ẹ ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ tàn án, kẹ́ ẹ máa tẹ F12, F9 tàbí Esc. Ó yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí èkejì. Linux á ṣí láti orí fláàṣì, láìfọwọ́ kan nǹkan kan nínú kọ̀ǹpútà yín. Ẹ dán Wi-Fi, ohùn àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wò. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ pa á, kẹ́ ẹ yọ fláàṣì, Windows yín ṣì wà níbẹ̀.

Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e wọlé. Ó máa bi yín bóyá kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows, tàbí kó gba gbogbo ilé. Ibi tí wọ́n bá kọ Erase sí, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Kí bátìrì sì kún, torí iná wa.

Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ìwé orúkọ àti ti owó kì í ṣe tẹni kan. Ẹ rí i pé ó wà níbi méjì, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà.