Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ Inú Fóònù

Nígbà tí a kọ́kọ́ mọ ìwé kà, inú wa dùn púpọ̀. A lè ka lẹ́tà fúnra wa, a kò bẹ ọmọ ẹlòmíràn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọ́ oyin wò á tún fẹ́ lá a sí i. Níbo la ti lè kẹ́kọ̀ọ́ sí i láìsan owó ilé-ìwé? Àwọn kan á ní, "Ó wà nínú fóònù yín." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú méjì ni ọ̀rọ̀ náà ní. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ni ẹ̀kọ́ yìí?

Ilé-ìwé gíga á gba ohùn àti àwòrán olùkọ́ sílẹ̀, á fi í sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ní fóònù tàbí kọ̀ǹpútà á wò ó nínú ilé rẹ̀. Á dáhùn ìbéèrè, ẹ̀rọ á sì máàkì í. Ní 2012, Yunifásítì Harvard àti MIT ní Amẹ́ríkà pawọ́ pọ̀ dá ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní edX. Ọdún kan náà ni Coursera bẹ̀rẹ̀.

Èrè rẹ̀

Ní ọdún 2012 náà, MIT kọ́ gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ bí iná mànàmáná ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ. Ó ju 150,000 ènìyàn tó forúkọ sílẹ̀. Ọmọkùnrin ọdún 15 kan ní ìlú Ulaanbaatar, ní Mòǹgólíà, gba gbogbo máàkì, ẹyọ kan kò dín. Lẹ́yìn náà MIT gbà á wọlé. Ẹ ò rí nǹkan? Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tí kò lówó ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbọ́ ohùn irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Nínú àwọn tó ju 150,000 yẹn, nǹkan bí 7,000 ló yege. Bí a bá kó 100 ènìyàn jọ, àwọn tó yege kò pé 5. Àwọn mìíràn kàn yọjú wò ó ni. Ó sì sú àwọn mìíràn lójú ọ̀nà.

Ọmọ Mòǹgólíà yẹn pàápàá kò dá a kọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ ti lọ sí MIT rí. Ó kó bí ọmọ 20 jọ kí wọ́n jọ kọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Stanford sì kó irinṣẹ́ wá bá wọn, kí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Fídíò kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ènìyàn ló dúró tì wọ́n.

Ní 2013, Yunifásítì Pennsylvania wádìí àwọn tó ń gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí Coursera. Nínú 100, ó ju 80 tó ti gba ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé gíga tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti mọ̀ ló ń rí gbà jù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ni nínú púpọ̀ rẹ̀.

Ọ̀fẹ́ náà tún ní ohun tó ń ná wa. Fídíò ń jẹ dátà, dátà kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń ta wá lọ́rẹ. Ìwé ẹ̀rí, títà ni.

Kí ni ká ṣe?

Ẹ má dá a kọ́. Ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú kíláàsì yín, kí ẹ jọ máa wò ó. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á là á yé ẹni tí kò gbọ́.

Ẹ mú ẹyọ kan, kó kúrú, kó bá iṣẹ́ yín mu. Ẹ yan ọjọ́ àti wákàtí fún un, bí ìgbà tí ẹ ń lọ ìpàdé ẹgbẹ́.

Kí ẹ tó sanwó ìwé ẹ̀rí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó máa gbà yín síṣẹ́ bóyá ó kà á sí.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má tìtorí fóònù fi kíláàsì sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Fóònù lè mú olùkọ́ ìlú òkèèrè wá sínú yàrá wa. Ṣùgbọ́n bí a bá sọnù lójú ìwé, olùkọ́ tó wà níwájú wa ló máa kọ́kọ́ mọ̀.